Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Oníṣòwò Tó Di Ìyálóde Ìbàdàn

Ní táàmù yìí, èmi ni ó kàn láti kọ ìtàn ìgbésí ayé gbajúmọ̀ kan tó ti kú tipẹ́. Mo lè mú ẹni tí ìtàn rẹ̀ rọrùn, tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni mo mú, ó sì nídìí.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí yẹn, ẹ kàn ń dákẹ́ ni. Ní ọjọ́ àṣà táàmù tó kọjá, ẹgbẹ́ wa ṣe díẹ̀ nínú eré onítàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa Ẹfúnṣetán. Èmi ni wọ́n fi ṣe Ẹfúnṣetán nítorí pé ohùn mi le. Mo wé gèlè, mo kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, mo jágbe mọ́ àwọn ẹrú, gbogbo gbọ̀ngàn sì pariwo. Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ mi ti yí padà. Èmi ni olórí kíláàsì wa, bí mo bá ń kọ orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nígbà prep, wọ́n á ní Ẹfúnṣetán ti dé o. Àwọn mẹ́ta kan yá gààrí àti mílíìkì mi. Nígbà tí mo ní kí wọ́n dá a padà, àwọn gan-an ni wọ́n pe orúkọ yẹn sókè jù. Mo kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tó wá dùn mí jù ni ti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní yàrá, ọmọ Hausa láti Zaria ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n tó pa iná, ó bi mí bóyá obìnrin inú eré wa yẹn wà lóòótọ́ tàbí a kàn hun ún ni. Mo ní ó wà. Ó ní àwọn ní Amina, ọbabìnrin Zazzau, tí àwọn fi ń yangàn, kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìkà obìnrin ni àwa Yorùbá mú jáde fún àlejò wò? Mi ò rí èsì kankan fún un. Ohun tó wà nínú eré nìkan ni mo mọ̀. Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá olùkọ́ wa, wọ́n yá mi ní ìwé ìtàn ńlá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, wọ́n sì sọ fún mi nípa ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ náà kọ nípa Ẹfúnṣetán. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Ibi tí ó ti wá

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnṣetán. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí èmi gan-an rò pé ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni. Ògúnrìn ni orúkọ bàbá rẹ̀, jagunjagun ni, ará Ìkìjà ní Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà. Ìyá rẹ̀ ń ṣòwò kéékèèké. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ òwò, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn màmá wa nígbà họ́lídè, tí a bá jókòó ti ọjà, tí a ń ka ṣéńjì.

Ayé kò fararọ nígbà tí ó ń dàgbà. Ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká. Àwọn Ẹ̀gbá kó lọ sábẹ́ Òkúta Olúmọ, wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830. Ní àkókò kan náà, àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ jókòó sí Ìbàdàn, wọ́n sọ ọ́ di ibùdó ogun. Ibùdó ogun yẹn ló di ìlú ńlá tí a mọ̀ lónìí.

Ìbàdàn kò dà bí àwọn ìlú Yorùbá yòókù. Ní ìlú mìíràn, ilé ọba ni wọ́n ti ń mú ọba. Ní Ìbàdàn ayé ìgbà náà, ohun tí o lè ṣe ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi ọ́ joyè. Bí o bá lè jagun, tí o lè bọ́ ènìyàn, tí àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀lé ọ, o ti ń bá oyè lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo. Ẹfúnṣetán náà kó lọ síbẹ̀. Àlejò ni, obìnrin ni, kò sì lè gbé idà lọ sógun. Ohun tó mú dání ni òwò.

Òwò rẹ̀

Ẹ mú máàpù Nàìjíríà, kí ẹ wo ibi tí Ìbàdàn wà. Kò sí nítòsí òkun. Iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù tí wọ́n ń yìn nínú ìbọn, láti etí òkun ni wọ́n ti ń wá. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá kí wọ́n tó dé Ìbàdàn. Bí ìjà bá sì ti ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, ọ̀nà á dí. Nítorí náà, ẹni tó bá lè rí ọjà kó wọ Ìbàdàn, gbogbo ìlú ló máa nílò rẹ̀, títí kan àwọn balógun.

Ẹfúnṣetán rí i kó. Ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù. Ó ń ta tábà. Ó ń ta epo pupa. Ó sì ń ta ènìyàn. Mi ò fẹ́ fo ìyẹn kọjá. Ó ń ra ẹrú, ó sì ń ta ẹrú. Nígbà yẹn, òwò ni àwọn èèyàn ńlá kà á sí. Àwọn ọkùnrin tó lórúkọ ń ṣe é, Madam Tinúbú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Ìta Tinúbú ní Èkó náà ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dè lókùn tí wọ́n ń mú lọ sọ́jà kò lè kà á sí òwò láéláé.

Oko rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Johnson kọ ọ́ pé àwọn ẹrú tó wà lóko rẹ̀ nìkan tó 2,000, láì ka àwọn tó wà nílé mọ́ wọn. Nígbà tí mo kà á, mo lọ bi olùkọ́ mi iye tí gbogbo wa jẹ́ ní ilé-ìwé yìí. Wọ́n ní a kò tó 900. Ẹ fojú inú wo ilé-ìwé wa lọ́nà méjì, akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, àwọn tó ń se oúnjẹ, mẹ́trọ̀n àti máìgádì, síbẹ̀ kò ì tíì tó àwọn tó ń ro oko fún obìnrin kan ṣoṣo. Àwọn ló ń gbin oúnjẹ tí ìlú ń jẹ tí àwọn ọmọ ogun sì ń rù lọ sójú ogun. Ó tún ní àwọn olórí ogun tirẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, tó lè rán lọ bí ìlú bá ń lọ sógun. Kò yà mí lẹ́nu pé Aníwúrà ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹni tó ní wúrà.

Mo ya òbìrìkítí kan sínú ìwé mi kí ọ̀rọ̀ náà lè yé mi. Àwọn jagunjagun nílò ìbọn àti ẹ̀tù. Wọn ò ní owó lọ́wọ́, wọ́n á ra àwìn lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán. Wọ́n á lọ sógun, wọ́n á kó ènìyàn lẹ́rú. Wọ́n á fi ẹrú san gbèsè. Àwọn ẹrú á lọ sóko tàbí kí wọ́n tà wọ́n. Èrè ibẹ̀ ni wọ́n á tún fi ra ìbọn àti ẹ̀tù. Lẹ́yìn náà ogun mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo yà á tán, mo rí i pé kò sí ibi tí ẹnì kan lè ti sọ pé ọwọ́ òun mọ́, yálà ẹni tó ń tà tàbí ẹni tó ń rà. Nínú eré wa, Ẹfúnṣetán nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo

Pẹ̀lú gbogbo owó yìí, ọmọ kan ṣoṣo ni Ẹfúnṣetán bí, obìnrin ni. Ní ọdún 1860, ọmọ náà fẹ́ bímọ, ó sì kú lórí ìkúnlẹ̀. Bí Ẹfúnṣetán ṣe di ẹni tí kò lọ́mọ mọ́ nìyẹn, ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ti ń ka ọmọ sí ju owó lọ.

Láti ìgbà yẹn ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ohun tí Johnson kọ síbẹ̀ burú, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Bí ẹrúbìnrin rẹ̀ kan bá lóyún, Ẹfúnṣetán á fi ipá ba oyún náà jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà sì kú síbẹ̀. Nítorí náà, ìkà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìṣọ̀lá kọ sínú eré kò ti ojú ọ̀run já bọ́. Adétutù tó lóyún tí wọ́n pa nínú eré, àwọn bíi tirẹ̀ wà lóòótọ́.

Ní alẹ́ tí mo ka ibẹ̀, mo sọ fún ara mi pé mi ò ní kọ ìtàn yìí mọ́. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa gbèjà obìnrin náà kí n lè fún ọ̀rẹ́ mi lésì, ibi tí kò ní ìgbèjà ni mo wá bá a. Àánú rẹ̀ ṣe mí nítorí ọmọ rẹ̀. Àmọ́ àwọn obìnrin tó kú sílé rẹ̀ náà ní ìyá níbi tí ogun ti kó wọn. Ìyá wọn ò mọ ibi tí wọ́n kú sí. Orúkọ wọn ò sì sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Olùkọ́ mi ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ lọ. Wọ́n ní ìtàn kì í ṣe oríkì.

Bí ó ṣe di Ìyálóde

Láàárín ọdún 1860 sí 1870, wọ́n fi Ẹfúnṣetán jẹ Ìyálóde Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé oyè yìí fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, torí èmi náà rò tẹ́lẹ̀ pé ìyàwó ìjòyè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Rárá o. Ìyálóde kì í ṣe ìyàwó ọba, kì í sì í ṣe ìyá ọba. Olórí gbogbo obìnrin ìlú ni. Ó ní Ọ̀tún tirẹ̀ àti Òsì tirẹ̀, bí Balógun náà ṣe ní. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, tàbí ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí àwọn ìjòyè bá sì jókòó láti sọ bóyá ìlú á lọ sógun tàbí kò ní lọ, Ìyálóde á wà níbẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin, á sì sọ tẹnu rẹ̀.

Kò fi ti ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ti bàbá rẹ̀ jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tó wá ṣòwò ni Ìbàdàn fi ṣe olórí gbogbo obìnrin ìlú. Lákòókò kan náà, àwọn Ẹ̀gbá fi Madam Tinúbú, tí òun náà jẹ́ oníṣòwò ńlá, jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864. Ẹ ò rí i pé nígbà tí wọn ò tíì dá Nàìjíríà sílẹ̀ rárá, àwọn obìnrin ti ń ti inú ọjà bọ́ sínú ìgbìmọ̀ ìlú.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ó le. Àwọn tí Ẹfúnṣetán ń bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà ni wọ́n ń ra àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Lóníṣòwò, ó ń retí owó rẹ̀. Ní ìjòyè, ó yẹ kó fọwọ́ sí ogun tí wọ́n fẹ́ lọ, kó sì tún fún wọn ní ẹ̀tù sí i. Bí wọn ò bá san ti àná, ṣé kó tún fún wọn ní ti òní? Mo rò ó títí. Ẹni tí mo yá ní gààrí, tó jẹ́ pé òun náà ni mo máa kọ orúkọ rẹ̀ bó bá pariwo, kò lè fẹ́ràn mi láé.

Òun àti Ààrẹ Látòósà

Ní ọdún 1871, agbára Ìbàdàn bọ́ sọ́wọ́ Mọ̀mọ́dù Ọbádòkè Látòósà. Lẹ́yìn náà ó di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Jagunjagun gidi ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní agbára tó tirẹ̀ nínú ìlú. Ó ń bá àwọn ìjòyè tó lówó, tó ní ọmọ ogun, wá ẹ̀sùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹfúnṣetán lówó ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, ó ní ọmọ ogun, ó sì ti ń sú u láti máa kó ẹ̀tù fún àwọn tí kì í sanwó. Kò dùn mọ́ ọn mọ́ kí ogun máa gbé ogun.

Nígbà tí Látòósà ti ojú ogun dé, ó ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀. Èkíní, kò bá òun lọ sógun. Ìkejì, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lójú ogun. Ìkẹta, kò jáde fúnra rẹ̀ wá sí ẹ̀yìn odi láti pàdé òun, kó kí òun kú àbọ̀. Ẹ tún ẹ̀sùn náà kà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Èyí tó ṣe mí ní kàyéfì jù nìyí nínú gbogbo ìtàn náà. Kò sí ẹrú kankan nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí aboyún kankan níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó kú nílé Ẹfúnṣetán, Látòósà kò bá a jà nítorí wọn. Nítorí ẹ̀tù àti ẹ kú àbọ̀ ni ó ṣe bá a jà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1874, wọ́n rọ Ẹfúnṣetán lóyè. Ó sanwó ìtanràn. Ó fi ẹ̀bùn bẹ àwọn ìjòyè kí wọ́n bá òun bẹ Ààrẹ. Kò gbọ́. Àwọn ìjòyè tó ti ń jẹ lára rẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí, wọ́n gba ẹ̀bùn, wọ́n sì dákẹ́.

Ikú rẹ̀

Nínú eré, àwọn ọmọ ogun Látòósà ya wọ ilé Ẹfúnṣetán, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní gbangba, ó sì gbé májèlé jẹ. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti pàtẹ́wọ́ jù ní ọjọ́ tí a ṣe é. Mo ṣubú lulẹ̀, mo na ẹsẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó ṣe kú. Kò sí ẹni tó bá a jà ní gbangba. Ní alẹ́ ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ọdún 1874, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, méjì nínú àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lójú oorun. Ọmọ tó gbà tọ́ mọ̀ sí i, òun àti Látòósà ni wọ́n jọ di rìkíṣí náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo, tí ìlú gbé e yẹ̀ wò, ta ni ẹ rò pé wọ́n fìyà jẹ? Àwọn ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa. Látòósà wà lórí àga rẹ̀. Ọdún 1885 ni ó tó kú, lójú ogun Kírìjí.

Mi ò lè gbàgbé àwọn ẹrú méjì yẹn. Wọ́n ti wà lábẹ́ Ẹfúnṣetán, ìyà jẹ wọ́n. Àwọn ńlá fi wọ́n ṣe iṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn ò lè ṣe lójú ọ̀sán. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n pa wọ́n kí ọ̀rọ̀ lè parí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló kú ṣáájú, òun náà ló tún kú gbẹ̀yìn.

Johnson tó kọ ọ́ sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tó wà lókèèrè. Olùkọ́ ilé-ìwé ni ní Ìbàdàn ní ọdún tí èyí ṣẹlẹ̀. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Eré Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìṣọ̀lá jáde ní 1970. Mi ò sọ pé eré náà kò dára. Ó dára débi pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà lórí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó ń kọ eré lè yí òpin ìtàn padà kí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ wa lè yọ. Ẹ̀bi wa ni pé a ṣe eré, a ò sọ fún àwọn tó ń wò ó pé eré ni.

Ohun tí mo rí kọ́

Èkíní, obìnrin lè ti inú òwò dé ipò olórí, kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Oyè Ìyálóde ṣì wà ní Ìbàdàn títí di òní. Ère Ẹfúnṣetán gan-an wà ní oríta Challenge. Bí a bá ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà mi nígbà họ́lídè, a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mi ò sì bìkítà fún un rí.

Ìkejì, kí a kíyè sí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ènìyàn. Nígbà mìíràn, ohun tó ṣe tó burú wà, wọ́n á fò ó, wọ́n á fi èyí tó dun àwọn alágbára mú un.

Ìkẹta ni ó le jù fún mi. Nígbà tí mò ń ka ìwé yìí, inú mi kọ́kọ́ ń dùn pé mo ti rí ohun tí mo máa fi dá àwọn tó ń pè mí ní Ẹfúnṣetán lóhùn. Wọ́n jẹ mí ní gààrí, wọ́n wá ń bú mi. Àwọn ni Látòósà, èmi ni Aníwúrà! Àfi bí ọmọ JSS 1 kan tó ń sùn nítòsí wa ṣe ń gbọ̀n nígbà tí mo pè é lọ́sẹ̀ yẹn. Lóòótọ́ ni o. Mo fẹ́ rán an lọ pọn omi, èmi tí mo ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mo bi í ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó ní èmi ni. Kì í ṣe ìgbà tí a ń ṣe eré o, ọjọ́ Wẹ́sìdeè lásán ni. Mo gba bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ pọn omi mi fúnra mi. Ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lókè lè máa rẹ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ jẹ. Ẹnì kan náà ni. Ìyẹn ni mo rí nínú Ẹfúnṣetán.

Mo ti fún ọ̀rẹ́ mi ará Zaria lésì báyìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ síbí, mi ò yọ èyí tó burú kúrò. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní orúkọ ọmọ Ẹfúnṣetán tó kú. Mo ní mi ò tíì rí i. Ó ní kí n máa wá a.

Mo wá fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ wa ní ohun kan kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kí a tún eré náà ṣe ní ìparí ọdún, àwọn kan sì ní kí a má ṣe é mọ́ nítorí pé ó ń bà wá lórúkọ jẹ́ lójú àwọn ẹ̀yà yòókù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é. Ṣùgbọ́n kí aṣọ orí ìtàgé tó ṣí, kí ẹnì kan jáde, kó sọ bí Ẹfúnṣetán ṣe kú gan-an àti ẹ̀sùn mẹ́ta tí wọ́n fi kàn án. Kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn àlejò wa lè gbọ́. Kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Bí ẹ bá tún fi mí ṣe Ẹfúnṣetán, mo gbà. Bí ẹ bá sì fi mí ṣe Adétutù, mo gbà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti àwọn mẹ́ta tó jẹ mí ní gààrí àti mílíìkì, mo ti fi jì yín. Ṣùgbọ́n mi ò tún yá yín mọ́ o!

Ire o.